Ọ́díítà Àgbà: Ojú Tí Ìlú Fi Ń Ṣọ́ Àpò Rẹ̀

Ọ́díítà Àgbà ni òṣìṣẹ́ tí òfin yàn láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ná owó náà tán. Kì í ṣe òun ló ń gbé ètò ìṣúná kalẹ̀, kì í gba owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé kọńtíráàtì fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi owó tó ti jáde: ta ló pàṣẹ pé kó jáde? Ǹjẹ́ ohun tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ni wọ́n ná an lé? Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ní àwọn rà wà nílẹ̀ lóòótọ́? Èsì tó bá rí ni yóò kọ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, nítorí àwọn ni aráàlú rán lọ ṣọ́ àpò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ipò náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1861, ilé aṣòfin ibẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa yẹ ìṣirò owó ìlú wò. Lọ́dún 1866, nígbà tí William Gladstone jẹ́ mínísítà ìṣúná, wọ́n ṣe òfin tó fi ìwé ìnáwó àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sábẹ́ ojú òṣìṣẹ́ kan tí ìjọba tó wà lórí àlééfà kò lè déédéé yọ. Ìlànà yìí ni àwọn amúnisìn gbé wá sí Nàìjíríà. Òfin ọ́díìtì ọdún 1956, tí wọ́n ṣe kí òmìnira tó dé, ni iṣẹ́ náà ṣì dúró lé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira. Director of Audit ni òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1963 pe onípò náà. Ti ọdún 1979 ló sọ ọ́ di Auditor-General, èyí tí í ṣe Ọ́díítà Àgbà.

Abala 85 sí 87 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ló la iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni yóò dábàá orúkọ, Ààrẹ ni yóò yàn án, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Bó bá ti dé ipò, kò sí aláṣẹ kankan tó lè darí ọwọ́ rẹ̀ lórí àyẹ̀wò tó ń ṣe. Owó oṣù rẹ̀ kì í dúró de ètò ìṣúná ọdọọdún. Inú àpò gbogbogbòò ìjọba àpapọ̀ ni òfin ní kó ti máa jáde tààrà. Ààrẹ kò sì lè yọ ọ́ kí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà bá ní kò lágbára iṣẹ́ mọ́ tàbí pé ó hùwà tí kò tọ́. Ẹni tí ọ̀gá lè lé lọ́la kò ní lè kọ àṣìṣe ọ̀gá sílẹ̀ lónìí. Ìdí ààbò náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Vincent Azie fi hàn bí ààbò yìí ṣe ṣe pàtàkì tó. Adelé Ọ́díítà Àgbà ni Azie nígbà tó gbé ìròyìn ìnáwó ọdún 2001 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2003. Ìròyìn náà tú kùdìẹ̀-kudiẹ tó wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba síta, kò yọ ọ́fíìsì Ààrẹ sílẹ̀, kò sì yọ ilé aṣòfin sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kejì, Azie ti kúrò nípò. Àlàyé ìjọba ni pé oṣù mẹ́fà tí òfin fún adelé ti pé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí lóòótọ́: adelé kò gbọdọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tí ilé náà ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kì bá tí lọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú òfin, àyàfi bí àwọn aṣòfin bá yàn án sí ìgbà mìíràn. Bí ọdún bá parí, Akáńtà Àgbà ìjọba àpapọ̀ yóò ṣàkójọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, yóò sì gbé e fún Ọ́díítà Àgbà. Láti ọjọ́ tí ìwé náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ní láti fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin méjèèjì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ ọ́díítà abẹ́lé tó wà ní iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ni tibẹ̀ wà, ó sì máa ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó sanwó. Ti Ọ́díítà Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn ìsanwó, àwọn aṣòfin ló sì ń jábọ̀ fún.

Fáúṣà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi sanwó. Wọn yóò wo ẹni tó buwọ́ lù ú, ríṣíìtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti orí ètò ìṣúná tí wọ́n yọ owó náà kúrò. Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ kọ́lékọ́lé tàbí ti ọ̀nà ni, wọn yóò lọ síbi iṣẹ́ náà. Ohun tí kò bá yé wọn, wọn yóò kọ kúẹ́rì lé e lórí, iléeṣẹ́ náà yóò sì fèsì. Kúẹ́rì tí èsì rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó ti parí nìyẹn. Èyí tí kò bá rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn ló ń wọ inú ìròyìn.

Irú ẹ̀sùn tó ń wọ ibẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ gba owó fún ìrìn àjò iṣẹ́, kò mú ríṣíìtì padà wá. Wọ́n san owó kọńtíráàtì pé, iṣẹ́ kò dé ìdajì. Iléeṣẹ́ pa owó wọlé, kò dá a sápò ìjọba. Wọ́n ra ẹrù, ẹrù kò wọ ìwé sítọ̀. Èyí tó gba ọgbọ́n jù ni kí wọ́n gé kọńtíráàtì kan sí wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má baà kọjá iye tí ọ̀gá iléeṣẹ́ lè dá fọwọ́ sí. Òfin ìgbékọńtíráàtì ọdún 2007 ka èyí léèwọ̀, torí pé ìdíje gbangba láàárín àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ ni òfin náà fi ṣe ìpìlẹ̀.

Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí Ọ́díítà Àgbà kò lè dá wọlé láti ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún. Òfin ìpìlẹ̀ kò fún un láṣẹ láti yẹ ìwé àwọn àjọ àti iléeṣẹ́ tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yan ọ́díítà fún wọn. Yóò kọ orúkọ àwọn ọ́díítà aládàáni tó kúnjú òṣùwọ̀n ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò mú nínú wọn, òun yóò sì sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn tí ẹni tí wọ́n mú bá kọ. Àyè kan ṣoṣo tó kù ni pé ó lè yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó gọbọi ló ń gba ọ̀dọ̀ irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ kọjá.

Bí ìròyìn bá dé ilé aṣòfin, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú ló ń gbà á yẹ̀ wò. Abala 88 àti 89 fún àwọn aṣòfin lágbára láti ṣèwádìí, láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, kódà láti kọ ìwé pé kí ọlọ́pàá lọ mú ẹni tó kọ̀ tí kò wá. Níbẹ̀ ni agbára Ọ́díítà Àgbà pin sí. Kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, kò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Bí ìgbìmọ̀ kò bá jókòó lé ìròyìn rẹ̀, tàbí bí àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ bí ICPC àti EFCC kò bá gbà á ṣe, inú bébà ló ń kú sí.

Àìtètèdé ìròyìn tún jẹ́ ìṣòro ńlá. Òfin ìpìlẹ̀ ká Ọ́díítà Àgbà mọ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ fún Akáńtà Àgbà tó ń gbé ìwé fún un. Nítorí náà, ìròyìn ìjọba àpapọ̀ máa ń pẹ́ ní ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó jáde, mínísítà ti kúrò, akọ̀wé àgbà ti fẹ̀yìn tì, agbaṣẹ́ṣe ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ọ́díítà Àgbà tirẹ̀ lábẹ́ abala 125 sí 127: gómìnà ló ń yàn án, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Owó ló ti àwọn ìpínlẹ̀ kan síṣẹ́. Lọ́dún 2018, Báńkì Àgbáyé gbé ètò SFTAS kalẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mílíọ̀nù dọ́là, ìyẹn $750,000,000. Nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ tó bá gbé ètò ìṣúná àti ìwé ìnáwó tí ọ́díítà ti yẹ̀ wò síta fún aráàlú ló rí nínú rẹ̀ gbà.

Ibòmíràn kò fi iṣẹ́ yìí mọ sórí ìwé kíkọ. Ní Benin, níbi tí ìlànà Faransé ti rinlẹ̀, ilé ẹjọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀ka kan nínú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2019 tó dá Cour des comptes sílẹ̀. Nínú ìlànà yẹn, akáńtà ìjọba tí owó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lè ní láti san án padà látinú àpò ara rẹ̀. Ní Brazil, ilé ẹjọ́ ìṣirò tí Rui Barbosa, mínísítà ìṣúná, dá sílẹ̀ lọ́dún 1890 ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ojú ni òfin Nàìjíríà fún Ọ́díítà Àgbà. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ni pàṣán wà. Ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ti ṣe ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ tán lè wá ojú ìwé tí iṣẹ́ náà wà, kó ka iye tí wọ́n san, kó sì béèrè lọ́wọ́ aṣojú rẹ̀ nílé aṣòfin ohun tí ìgbìmọ̀ wọn ṣe sí i.