Àgékù Pákó Lè Di Àga: Ẹ Má Jẹ́ Kí Gbogbo Rẹ̀ Parí Sínú Iná

  Ọ̀rọ̀ àgékù pákó la mú wá lónìí.

Ẹ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Àgékù tíìkì, àgékù ìrókò, àfọ́kù páléètì tó ti èbúté Kùtọnù wá, ìdí ààrò ni púpọ̀ nínú wọn ń parí sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọmọ ń dojú dé láti ka ìwé rẹ̀. Ilẹ̀ náà ni ìkòkò omi wà, tí adìyẹ àti ewúrẹ́ ń ti ẹnu bọ̀ ọ́. Àga gbọọrọ kan tí a fi àgékù kàn lè gba ọmọ jókòó. Èyí tó bá fẹ̀ díẹ̀, ìkòkò omi á gorí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ igi wò

Nínú tíìkì, àárín rẹ̀ tó pọ́n ni ikán kì í tètè jẹ. Èyí tó funfun lẹ́bàá èèpo, ikán fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá jẹ́ páléètì, ẹ wá àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ lè lò ó. MB túmọ̀ sí pé oògùn olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi sílẹ̀. Òpó iná àtijọ́ tó dúdú, tó ń rùn bí ọ̀dà, ẹ má fi kan ohunkóhun fún ọmọ tàbí oúnjẹ. Ẹ má sì fi òun àti pákó ọlọ́dà dáná. Èéfín wọn ní májèlé.

Bí a ṣe ń kàn án

Pákó mẹ́rin ló tó: ọ̀kan fún ojú ìjókòó, méjì fún ẹsẹ̀, ọ̀kan tó máa dábùú so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́. Láìsí ìdábùú yẹn, bó pẹ́ bó yá, àga á máa mì. Bí pákó ìjókòó kò bá fẹ̀ tó, ẹ to méjì pọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ẹ ní kí ọmọ dúró, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Gíga àga nìyẹn. Ẹ yọ nínípọn ojú ìjókòó kúrò, èyí tó kù ni gíga ẹsẹ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ gbé e lé èkejì kí ẹ tó gé òun náà, kí wọ́n lè dọ́gba.

Kí ìṣó gùn tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn pákó tí ẹ ń kàn mọ́ òmíràn. Pákó sẹ̀ǹtímítà 2, ìṣó sẹ̀ǹtímítà 6. Kí pákó má baà là, ẹ fi òòlù lu ẹnu ìṣó kó kú díẹ̀, ẹ má sì kàn án sétí pátápátá.

Ẹ ṣọ́ ara yín

Lẹ́búlẹ́bú igi, pàápàá ti ìrókò, ń mú ènìyàn wúkọ́, ó sì ń mú ara yún. Ẹ ṣiṣẹ́ níta, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ lé ọmọdé sẹ́yìn. Bí ìṣó bá gún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù tàbí epo mọ́tò sí i o.

Tó bá jẹ́ títà ni

Ká ní àgékù pákó gba 500 fràǹkì, ìṣó 300, pépà oníyanrìn 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000 fràǹkì. Bí ẹ bá tà á ní 1,200, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì gbà yín lọ́jọ́ kan, 200 fràǹkì lowó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ta ló máa bá yín roko fún 200 fràǹkì láti àárọ̀ dé alẹ́? Nítorí náà, ẹ ka ọwọ́ yín mọ́ owó kí ẹ tó dárúkọ iye fún oníbàárà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: Ilé mélòó ládùúgbò yín ni ìkòkò omi ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ta ló ní ayùn tí gbogbo ẹgbẹ́ lè yá lò? Ilé ta la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jíròrò rẹ̀ kí ẹ tó túká. Ó dàbọ̀ o.