Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Gbòǹgbò Ń Mu Láì Fà Á Tu

Ẹni tí ó bá ń wa ebè rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kò ní í rí iṣu jẹ. Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi nìyẹn, nígbà tí mo bá a níbi tí ó ti ń fa àgbàdo tí a gbìn sínú agolo tu. Mo ti gbé pàṣán sókè kí ó tó sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí n kò bá fà á tu, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ ń mu nǹkan?"

Mo sọ pàṣán kalẹ̀. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, n kò ní èsì. Àgbàdo náà kú ní ọjọ́ kẹta. Ìtìjú yìí ni ó mú mi wá ìwé kà.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń din àkàrà. Bí òórùn rẹ̀ bá ta sánsán lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì ń dínkù bí a ti ń sún sẹ́yìn, a mọ̀ pé inú ilé ni ó ti ń jáde, bí a kò tilẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń ṣe. Wọn a fi iná fa gíláàsì títí ẹnu rẹ̀ yóò fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọn a fi òróró kan sí i lẹ́nu tí ó ń dá èròjà kan ṣoṣo mọ̀, bí i pọ́táṣíọ̀mù, èyí tí ó pọ̀ nínú eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọn a gbé e sún mọ́ gbòǹgbò nínú omi láì fara kàn án, wọn a sì tún fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí èròjà náà bá pọ̀ nítòsí ju ẹ̀yìn lọ, gbòǹgbò ń tú u jáde ni. Bí ó bá kéré nítòsí, gbòǹgbò ń mu ún. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ṣírò iye tí ó ń kọjá. Bí wọ́n bá gún gbòǹgbò náà, ọgbẹ́ ni wọn ì bá máa wọ̀n.

Ní 1974 ni Lionel Jaffe àti Richard Nuccitelli ní Amẹ́ríkà kéde ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ń gbọ̀n, tí ó ń wọn iná tí ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì alààyè láì gún un. Ìrìn àwọn èròjà tí ó gbé agbára iná lára ni iná náà.

Kí ni èrè rẹ̀? Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ń ba oko jẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Tasmania, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fi iyọ̀ sí gbòǹgbò ọkà báálì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Irú èyí tí kò jẹ́ kí pọ́táṣíọ̀mù rẹ̀ jò púpọ̀ ni ó máa ń fara da iyọ̀ jù bí ó bá dàgbà. Ẹni tí ń wá irúgbìn rere lè ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí yóò yè, láì dúró de ìkórè.

Mo ti pe ọmọ náà, mo sì ti fún un ní èsì rẹ̀ àti agolo mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ń da ìbéèrè bò nídìí ọjà, ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ ìbéèrè tán kí a tó wá pàṣán.