Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fọ́tò ọkọ̀ àtijọ́ ní mùsíọ́mù

Mercedes dúdú kan wà ní mùsíọ́mù ìjọba tó wà l'Ónìkan, l'Ékòó. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, lọ́jọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976. Ihò ìbọn ṣì wà lára rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo mùsíọ́mù ló ń gbà á láàyè. Ẹ pa fíláàṣì. Ara ọkọ̀ tó ń dán àti gíláàsì á da iná náà padà sínú fọ́tò, ẹ ò sì ní rí ihò yẹn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi í hàn.

Ẹ ya odindi ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ ya àkọlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, káwọn ọmọ yín lè mọ ohun tí wọ́n ń wò lọ́la.

Ẹ má sì fi í ṣe ibi ìyàwòrán ẹ̀rín o. Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwá, ADC ọ̀gágun náà, àti awakọ̀ wọn bá ìkọlù yẹn lọ.