Ìlù tó ń dún kíkankíkan ní sítúdíò, tó wá tín-ín-rín lórí rédíò: Ẹ̀bi onílù kọ́

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń ṣàròyé pé àwọn onílù òde òní kò mọ ìlù lù mọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ orin tuntun lórí rédíò kékeré, ìyáàlù kì í fọhùn ketekete mọ́. Ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bíi ti ẹni tí kò jẹun sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà mìíràn, inú yàrá tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, kì í ṣe ọwọ́ onílù.

Láyé ìgbà kan, máìkì kan ṣoṣo lè tó gbogbo ẹgbẹ́ olórin. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀ dé. Lọ́dún 1979, olóògbé Hárúnà Ìṣọ̀lá dá Phonodisk sílẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú ẹ̀rọ ọlọ́nà 24. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá kékeré ní Agbowó tàbí Bódìjà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé bí máìkì bá ti pé méjì, ìlù kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí máìkì omele bá fi mítà kan jìnnà sí ìyáàlù ju máìkì ìyáàlù fúnra rẹ̀ lọ, ohùn ìyáàlù yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé ibẹ̀. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó dá ìjà sílẹ̀.

Ohùn dà bí ìgbì omi, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀. Bí ìgbì méjì bá jọ ga, ohùn á le sí i. Bí ọ̀kan bá ga nígbà tí èkejì rẹlẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Mítà kan yẹn lè jẹ ohùn tó ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 170 ní ìṣẹ́jú àáyá, ohùn ìsàlẹ̀ sì nìyẹn. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá rẹ̀, oríkì kò délé mọ́.

Ojú méjì tí dùndún ní tún dá kún un. Bí kọ̀ǹgọ́ bá lu ojú kan, awọ ibẹ̀ á wọlé, ti ẹ̀yìn á sì yọ síta. Máìkì tí wọ́n gbé sí ojú méjèèjì á wá gba ohùn náà lódì sí ara wọn.

Ní sítúdíò, ìjà yìí lè má hàn, nítorí sípíkà kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Rédíò onísípíkà kan ló ń pa wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ Premier FM ní Dùgbẹ̀, Amúlùdùn FM ní Mọ́níyà tàbí Fresh FM ní Challenge ló gbé orin náà jáde, ẹ̀bi tiwọn kọ́. Bó ṣe dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Èkíní, kí àyè tó wà láàrin máìkì méjì tó ìlọ́po mẹ́ta àyè tó wà láàrin máìkì àti ìlù tirẹ̀. Èkejì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó ń yí ìgbì ohùn padà, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ òdo tí wọ́n fa ìlà dábùú. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sún ohùn tó pẹ́ dé síwájú díẹ̀, títí ìgbì méjèèjì yóò fi jọ máa ga.

Àmọ́ kí wọ́n má sún ohun gbogbo o. Bí omele àti gudugudu kò bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìyáàlù, àṣìṣe kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ijó wà.

Kí orin tó jáde, ó yẹ kí ẹni tó ń po ohùn pọ̀ pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan, tàbí kó gbé rédíò kékeré wọ sítúdíò, kó gbọ́ ọ bí ará oko yóò ṣe gbọ́ ọ. Bí ìyáàlù bá ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí ibi tí kò ní sọ̀rọ̀ dé.