Ìgbà Wo La Ó Ṣeré?

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé. Iná wà; a tan ẹ̀rọ géèmù kí a lè jọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ ní dandan ni kí òun kọ́kọ́ gba àtúnṣe tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tán, iná lọ. Ilẹ̀ mọ́, àbúrò mi padà.

PlayStation 2 ti ọdún 2000 kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá ti ki síídì bọ̀ ọ́, eré yá. Lóòótọ́, àtúnṣe a máa mú àṣìṣe inú eré kúrò. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ra dátà là ń sanwó àṣìṣe ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí èèyàn yín bá ń bọ̀, ẹ ti ṣe àtúnṣe náà sílẹ̀ kó tó dé. Bí ó bá sì bá yín lójijì, ọpọ́n ayò kì í béèrè dátà.