Olókèméjì àti Laderin

Ojú irin kò wọ ìlú kankan rí nínú Ìbàràpá Méje, ìlú méje tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí rélùwéè ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí 1900, Gómìnà William MacGregor sì ṣí i ní oṣù kẹta 1901. Láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, nínú igbó tí kò jìnnà sí ààlà Ìbàràpá, ni wọ́n dá tẹ́ṣàn Olókèméjì sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021, Ààrẹ Buhari ṣí ọ̀nà irin mìíràn láti Èkó dé Ìbàdàn, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 157. Lórí ọ̀nà tuntun yìí, tẹ́ṣàn tí ará Igbó-Ọrà, ọ̀kan lára ìlú Ìbàràpá, lè gbójú lé jù ni ti Abẹ́òkúta, èyí tó wà ní Laderin, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè.

Tó bá jẹ́ ẹwà ilé là ń wò láàárín tẹ́ṣàn méjèèjì yìí, ẹjọ́ ti parí. Laderin ga, ó mọ́lẹ̀, ó tutù, àga pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò yẹ báàgì rẹ wò kí o tó wọlé, àfi bíi pápákọ̀ òfurufú. Tẹ́ṣàn inú igbó láyé ọjọ́un kò ju ilé pẹlẹbẹ onípáànù lọ: yàrá ọ̀gá tẹ́ṣàn, ihò kékeré tí wọ́n ń gbà ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti ilé ẹrù. Ta ni yóò wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì?

Àmọ́ ohun tó yí Olókèméjì ká pọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Ìjọba ti pààlà igbó ibẹ̀ ní 1899, ọ̀kan lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi ṣe ibùjókòó. Ní 1929, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ Ìbàràpá mọ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbó, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Èyí tí iná kò kàn di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá, koríko ló gbà á. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ṣàn kékeré.

Kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń dúró nínú irú igbó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìfẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ a máa mu omi lemọ́lemọ́, kò lè ti Èkó wá kó má dúró pọnmi. Irin náà sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ yà síbìkan kí wọ́n tó lè ré ara wọn kọjá. Àìlera ẹ̀rọ ló bí tẹ́ṣàn káàkiri oko. Kòkó àti èkùrọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó lọ sí etíkun, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ọkọ̀ ti dúró, ẹni tó ní apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí náà lè rí ibi gbé e sí. Nígbà tí ẹ̀rọ dísù dé, tí kò nílò omi bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí tí ọkọ̀ fi ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn.

Ọ̀nà tuntun kò ní àìlera yẹn. Irin méjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ kò dí ara wọn lọ́wọ́. Láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, Olódó àti Omi-Àdìó nìkan ni tẹ́ṣàn rẹ̀ wà. Mi ò ní purọ́ pé ìrìn àtijọ́ dùn jù ú: ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti dúró de òmíràn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tó ń lọ Èkó pẹ̀lú báàgì ọwọ́ nìkan jèrè gan-an ní Laderin.

Ẹlẹ́rù ni kò jèrè. Tẹ́ṣàn àtijọ́ Abẹ́òkúta wà ní Láfẹ́nwá, ní ìdí ọjà, ní apá odò Ògùn tí ọ̀nà Igbó-Ọrà ti ń wọ ìlú. Laderin wà ní ìhà kejì. Ìyá tó ra gàrí ní ọjà Tọ́wọ́bọwọ́ ní Igbó-Ọrà yóò la gbogbo Abẹ́òkúta já kó tó débẹ̀; bó bá sì débẹ̀, ọkọ̀ èrò ni yóò bá, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń kó àpò gàrí. Kòńtẹ́nà èbúté Àpápá ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹrù lórí irin tuntun. Bí mo bá ń fi ojú ẹlẹ́rù wọ̀n ọ́n, ilé onípáànù yẹn ni màá mú. Ìyá náà kò kúkú ń ṣe àríyànjiyàn kankan: láti Igbó-Ọrà ló ti ń kó gàrí rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Èkó.