Àbùlẹ̀ Tí Wọ́n Dá Padà Lẹ́ẹ̀mẹta

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo jókòó sínú yàrá mi ní Ìbàdàn, mo ń ka ímeèlì tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ sí mi láti òkè òkun. Iṣẹ́ tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ni ó yẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà kò ju ìlà mẹ́tàdínlógún lọ, síbẹ̀ ohun mẹ́fà ni ó rí wí sí i. Kò bú mi, kò sì yìn mí. Bí mo ti kà á tán ni mo pa kọ̀ǹpútà mi dé, tí mo sì pinnu lọ́kàn ara mi pé n kò ní í dán irú rẹ̀ wò mọ́ láé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo padà sídìí iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi padà, àti ohun tí ó fi hàn mí nípa ìwà èmi fúnra mi, ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Irinṣẹ́ tí ń jẹ́ Git

Ẹni tí ó bá ti bá ẹlòmíràn kọ ìwé kan pọ̀ rí yóò mọ ìyọnu tí ó wà níbẹ̀. Èyí ń tún ojú ìwé kẹta ṣe, ìyẹn náà ń tún un ṣe; kí ó tó pẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí í ṣe ojúlówó nínú àwọn ẹ̀dà náà mọ́. Git ni irinṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń yanjú wàhálà yìí. Ó ń pa gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ mọ́, ó sì ń fi ẹni tí ó ṣe àyípadà hàn, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti àlàyé tí ó kọ nípa rẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó dá Linux sílẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tí ń kọ Linux kò lè lo irinṣẹ́ BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó fa àbójútó rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Gbogbo ayé ni ó lè rí inú Git, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè dábàá àtúnṣe sí i. Àtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní patch. Àwa náà ti ní orúkọ fún un láti ayébáyé: àbùlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é yóò fi í ránṣẹ́ nípa ímeèlì, ní gbangba. Ẹni tí ó bá rí ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó yóò da ìlà náà kọ, yóò sì kọ èrò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò fèsì, yóò tún un ṣe, yóò fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Alábòójútó a máa kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní seen, kí ojú lè tó o. Bí ó bá yege, yóò bọ́ sí ẹ̀ka next, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti lò ó wò. Nígbẹ̀yìn ni yóò wọ master.

Ẹja dé, ẹ̀gbọ́n kò dé

Iṣẹ́ tí mo mú ṣe wà lára èyí tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Git ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò tí ó fi ń yẹ ara rẹ̀ wò. Nínú àwọn tí ó ti pẹ́, a máa ń rí ibi tí wọ́n ti so àṣẹ méjì pọ̀: git yóò ṣiṣẹ́, yóò sì ti èsì rẹ̀ sọ́wọ́ àṣẹ kejì. Ewu ibẹ̀ ni pé ìròyìn àṣẹ ìkẹyìn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí. Ìyá kan rán ọmọ méjì lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ra ẹja, ó gbé e fún àbúrò, ó sì dákú sójú ọ̀nà. Àbúrò gbé ẹja délé. Bí ìyá bá bi àbúrò nìkan léèrè, yóò gbọ́ pé ẹja ti dé, yóò sì máa dáná lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni git ṣe lè dákú láàárín iṣẹ́, kí ìdánwò sì máa wí pé àlàáfíà ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí git kọ́kọ́ kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí á rí i dájú pé ó parí láìsí ìjàǹbá, kí á tó yẹ fáìlì náà wò.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Olùyẹ̀wò náà ní mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ sínú àbùlẹ̀ kan, nítorí mo tún ìtò àwọn ìlà tí ó wà nítòsí ṣe mọ́ ọn. Mo lo àlàfo lásán níbi tí iṣẹ́ náà ń lo táàbù. Mo fi àlàfo sí ẹ̀yìn àmì kan tí kì í gba àlàfo. Mo gbàgbé àmì tí ń so ìlà kan mọ́ èkejì, èyí tí ó lè jẹ́ kí àṣìṣe mìíràn tún farapamọ́. Àkọlé mi gùn jù. Paríparí rẹ̀, àlàyé mi sọ ohun tí mo ṣe, kò sọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ẹni tí ó bá wo kóòdù yóò rí ohun tí ó yí padà. Ẹni tí yóò kà á ní ọdún mẹ́wàá sí i kò ní rí ẹni bi léèrè ìdí.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí gan-an ni pé gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́. Ní ibi iṣẹ́ mi, èmi ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò.

Ní ṣọ́ọ̀bù Màámi

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kí Màámi ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkè-Àdó. Aránṣọ ni wọ́n. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú àbùlẹ̀ tí ọmọṣẹ́ wọn kan lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n tú u nìyẹn. Ọmọbìnrin náà dúró tì wọ́n, ó ń wo ọwọ́ wọn.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò ṣe kúkú bá a rán an?"

Wọn kò gbójú sókè. "Àdùkẹ́, bí mo bá bá a rán an, ṣòkòtò á dára. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí ńlé ńkọ́?"

"Ṣé kò ní í sú u?"

"Ṣé o gbọ́ kí n pè é ní ọ̀lẹ ni? Ojú ìrán ló wọ́. Mo ń fi ibi tó ti wọ́ hàn án ni."

N kò sọ fún wọn pé èmi náà ní àbùlẹ̀ tí wọ́n tú. Ní alẹ́, mo tún ímeèlì náà kà. Nínú ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọ̀kan tí ó kan èmi Àdùkẹ́. Ìlà ni olùyẹ̀wò náà ń bá wí. Ó sì ti kà wọ́n ní àkàgbà, torí ẹni tí kò fara balẹ̀ kò lè rí àmì kan ṣoṣo tí mo gbàgbé.

Mo tú u, mo tún un rán. Mo fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́, mo dúpẹ́, mo sì to gbogbo ohun tí mo yí padà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n tún dá a padà. Olùyẹ̀wò mìíràn dá sí i, èrò rẹ̀ lórí ohun kan sì yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àṣẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò. Mo ṣe ìdánwò náà lọ́nà méjèèjì, mo kọ ohun tí mo rí, mo sì sọ èyí tí mo fara mọ́ àti ìdí rẹ̀. Wọ́n gbà. Ẹ̀dà kẹta ní àṣìṣe kékeré nínú àlàyé. Ẹ̀dà kẹrin ni ó wọ seen, tí ó bọ́ sí next, tí ó sì wọ master ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ọmọkùnrin tí mo pa lẹ́nu mọ́

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kí n sùn.

Ní ọdún tí ó ṣáájú, ọmọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì dara pọ̀ mọ́ wa níbi iṣẹ́. Àǹtí ni ó máa ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, mo yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́ wa, pé: "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mo ń sọ nígbà náà pé kò lè fara da ìbáwí. Nísinsìnyí, mo ti mọ bí ó ti rí kí ènìyàn pa kọ̀ǹpútà dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ tèmi wò kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí mi.

Mo pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ó ti tán." Lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́ díẹ̀, ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun kì í fi iṣẹ́ òun han ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá pé pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ tí kò tíì pé gan-an ni ó nílò ojú ẹlòmíràn. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ lọ́jọ́ náà, mo sì fi lé e sẹ́yìn kúrò níbi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Èyí kì í ṣe ojú ìrán tí ènìyàn lè tú kí ó tún rán.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

Bí mo bá ń yẹ iṣẹ́ wò, ìlà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ ìdí tí mo fi wí ohun tí mo wí. Mo máa ń ya èyí tí ó lè ba iṣẹ́ jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ju ohun tí èmi fẹ́ràn lọ. Bí mo bá sì rí ohun tí ó dára, n kì í fi í pamọ́.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò, n kì í fèsì lóru ọjọ́ náà. Mo máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Mo máa ń dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n sọ, bó ti wù kí ó kéré tó, torí ẹni tí ó kà á ti fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí n kò bá gbà, ẹ̀rí ni mo ń mú wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọbẹ̀ tí ìyàwó sè, owó oúnjẹ tí ọkọ ṣètò, ìwé tí ọmọ mú ti ilé ìwé dé, àbùlẹ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni ó yá ọ̀pọ̀ nínú wa lára.

Ní ìsàlẹ̀ àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wọ Git, ẹni tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí ìlà Signed-off-by, láti jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn lè fi orúkọ tirẹ̀ sí ìlà Reviewed-by. Orúkọ méjèèjì yóò jọ wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò bá wá wò ó lẹ́yìn ọ̀la.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin náà fi nǹkan bí ogójì ìlà ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé: "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Kò tíì pé o." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó tẹ ọ̀rọ̀ kan.